Àbúrò mi ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ: ikọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ara kò padà

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá wa kò fẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, lọ fọ́ òkúta ní ìhà Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbègbè wa ti máa ń ṣe. Nígbà tí ó padà wálé lẹ́yìn ọdún Iléyá, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó ń làágùn lóru bí ẹni tí a da omi lé lórí, ṣòkòtò rẹ̀ kò sì dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́. Ìṣó ni ó fi dá ihò tuntun mẹ́ta sí ara bẹ́líìtì rẹ̀. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ fún wa pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. A kò san nǹkan kan lórí oògùn náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ó ti lo oògùn fún oṣù kan báyìí. Ikọ́ ti dínkù, ibà alẹ́ ti lọ, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni kò yé mi. Kílò 47 ni ó wọ̀n lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Lẹ́yìn oṣù kan gbáko, kílò 47 àti ààbọ̀ ni. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70, kílò 61 ni ó sì wọ̀n kí ó tó kúrò nílé. Èyí tí ó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó ti ń sọ pé òun fẹ́ pa oògùn tì, nítorí pé bí òun bá ti gbé e mì tán láàárọ̀, ebi a máa ha òun nínú bí ẹni fi ọbẹ ha agbada, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ mímu nìkan ló máa ń wà nílé títí di ọ̀sán. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà, èmi nìkan ni mo sì ń gbọ́ bùkátà ènìyàn méje. Kí ni kí a máa fún un jẹ? Aládùúgbò wa kan ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹyin àti ẹja títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, o kú aájò àbúrò rẹ. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì lo ọdún mọ́kànlá nínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ yìí, nítorí náà màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ń kán mi lójú jù lọ: má jẹ́ kí ó pa oògùn náà tì. Ebi tí ó ń pa á yẹn, àmì rere ni. Nígbà tí àrùn ṣì ń jẹ gàba, ibà a máa jó ẹran ara, ọkàn kì í sì í fà sí oúnjẹ. Bí oògùn bá ti ń borí kòkòrò náà, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n kó lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àsìkò tí ara ń béèrè gan-an ni owó ilé ti tán, nítorí aláìsàn kò ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti rí àwọn tó sá kúrò nídìí ìtọ́jú tí kì í ṣe pé oògùn kọ ara wọn. Ebi tí oògùn jí dìde ni wọ́n sá fún.

Àwọn baba wa ti rí nǹkan kan kí wọ́n tó sọ àrùn yìí ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní ikọ́ àwúgbẹ. Gbígbẹ wà nínú orúkọ rẹ̀. Àrùn ń mú ara gbẹ, ara tó gbẹ kò sì ní agbára tí yóò fi bá àrùn jà, nítorí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n há kòkòrò náà mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, oúnjẹ ni wọ́n fi ń dúró. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń ka àìjẹun-tó mọ́ HIV, ọtí, sìgá àti àtọ̀gbẹ gẹ́gẹ́ bí àwọn ohun tó ń ti àwọn ènìyàn sínú àrùn yìí jù lọ. Eruku òkúta tí àbúrò rẹ fà símú fún ọdún mẹ́ta náà kún un, nítorí ó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ní ti ìwọ̀n, jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Mú kílò rẹ̀, kí o fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, kí o sì tún fi gíga náà pín èyí tó jáde. Kílò 47 tí a fi 1.70 pín lẹ́ẹ̀mejì yóò fún wa ní 16.3. Àgbàlagbà tí iye tirẹ̀ kò bá tó 18.5, kò jẹun kánú ni. Èyí tí kò bá tó 16, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìdáná mọ́. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà gan-an ni àbúrò rẹ dúró sí. Nígbà tó wọ̀n kílò 61, iye rẹ̀ jẹ́ 21, ara rẹ̀ pé nígbà náà. Èmi kò ní sọ pé kó padà sí 61 láàárín oṣù mẹ́fà. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa wò ni oṣù méjì àkọ́kọ́: kí ó ti fi ìdá 5 nínú 100 kún ìwọ̀n tó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kílò 2.4 fún un. Bí ó bá di opin oṣù kejì tí kò tíì tó kílò 49 àti ààbọ̀, ẹ má dákẹ́ sílé.

Ẹyin àti ẹja kì í ṣe èèwọ̀ fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ; kódà àwọn gan-an ni ó nílò. Ẹyin kan ní tó gíráàmù 6 pùròtéènì, èyí tí í ṣe ohun tí ara fi ń mọ ẹran rẹ̀ padà. Bóyá ohun tó bí ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ni pé ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, isoniazid, kì í bá àwọn oúnjẹ kan ṣe dáadáa nígbà mìíràn, bíi irú ẹja kan tí kò tutù dáadáa mọ́ àti wàràkàṣì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ojú ẹlòmíràn a pọ́n, orí a sì máa fọ́ ọ. Ẹja tútù tí wọ́n sè jinná, ẹja gbígbẹ tó mọ́, ẹyin sísè, kí ó jẹ wọ́n.

Mo-Ti-Kọjá-Ibẹ̀, Sábẹ

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka tèmi pẹ̀lú sùúrù, nítorí ohun tí àbúrò yín ń sọ yẹn ni mo sọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì ṣe é. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti dáwọ́ dúró. Abẹ́ ẹní ni mo ń ki àwọn hóró oògùn náà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìyàwó mi fi ká ẹní láti sá a sóòrùn ní ọjọ́ Ẹtì kan tí gbogbo wọn sì fọ́n ká ilẹ̀, hóró pupa pupa bí ẹ̀wà. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sílẹ̀ ó ń ṣà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti gba oògùn, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ń ka oògùn fún mi, wọ́n ń béèrè bóyá mo ṣì ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbé mi sórí òṣùwọ̀n fún oṣù mẹ́ta. Nílé, wọ́n ya abọ́ tèmi sọ́tọ̀, ife tèmi sọ́tọ̀, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi bí ẹni gbé e fún ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá ti jẹun lójú agbo rí mọ̀ pé ẹni tí ń dá jẹun kì í jẹ yó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màá bù ú sẹ́nu, màá sì dà á nù. Nígbà tí àrùn náà padà dìde, ó gbà mí ní oṣù mẹ́fà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti já sí egungun.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà kéré lójú. Ìyàwó mi lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ni ikọ́ yìí ń bá rìn, kì í bá abọ́ rìn, kì í bá ṣíbí rìn. Ó gbé ẹní mi jáde sí abẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jẹun níbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tó fẹ́ yẹ́yẹ́. Oṣù yẹn ni mo kọ́kọ́ fi kílò méjì kún ara.

Bàbá Alágbo, Kétu

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, kì í ṣe pé mo kọ oògùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ oògùn òyìnbó, àwọn baba wa ti ń tọ́jú ikọ́. Àgbo wà tó ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun fún oúnjẹ, mo sì lè sè é fún ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ àgbo, kí ó máa fi ife sódàbì, ọtí líle wa, kékeré kan síwájú oúnjẹ alẹ́, yóò jẹun.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Inú rere ni ẹ fi sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ yín ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi. Nínú oògùn mẹ́rin tí ọmọ yìí ń lò ní oṣù méjì àkọ́kọ́, mẹ́ta ni ẹ̀dọ̀ ń ru: rifampicin, isoniazid àti pyrazinamide. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó ti gbẹ kò lágbára bíi ti ẹni tó sanra. Bí a bá tún da sódàbì lé e, tàbí àgbo tí a kò mọ bí ó ṣe lágbára tó, ẹ̀dọ̀ lè dákú lábẹ́ ẹrù náà. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n bí àádùn, tí ó ń bì, tí inú ń dùn ún lápá ọ̀tún lókè, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ̀ pupa bí ọsàn kò jẹ́ nǹkan kan o. Rifampicin ló ń pa á láró, ẹ kàn sọ fún un kó má bàa ro pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe fún un, Bàbá, bí ẹ bá yọ̀ǹda, ni pé kí ẹ máa wò ó bí ó ṣe ń gbé oògùn rẹ̀ mì láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà a máa wọ ọmọ létí ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ.

Bàbá Alágbo, Kétu

Ó yé mi. Kí wọ́n sọ ilé fún mi, màá máa yà níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Ìyá Ológì, Ọjà Wàǹdó, Àjàṣẹ́

Èmi kò mọ ìṣirò tí Màmá ṣe yẹn, ògì ni mo mọ̀, ó sì ti tó ọdún ogún tí mo ti ń sẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ mímu tí ẹ̀gbọ́n sọ ni ó mú mi dá sí i. Ẹ da ẹ̀kọ náà sínú igbá, kí ẹ fi ṣíbí bù ú sókè kí ẹ jẹ́ kí ó ro padà. Bí ó bá ń sáré bí omi, omi ni ẹ ń fún aláìsàn mu, bó ti wù kí igbá náà tóbi tó. Inú rẹ̀ yóò kún, yóò tọ̀ ọ́ nù, ebi yóò sì padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Àgbàdo nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán an.

Bí mo ṣe ń ṣe ti àwọn tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ nìyí. Agolo àgbàdo mẹ́rin, agolo sóyà kan, ààbọ̀ agolo ẹ̀pà. Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bí ẹ ti máa ń rẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ṣa sóyà, ẹ gbé e sínú omi tó ti ń hó, kí ó hó fún bí ìdajì wákàtí; ẹ má fi tútù rẹ̀ lọ̀ ọ́, nítorí sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí inú dà, kò sì ní ṣe ara ní oore. Ẹ fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀ nínú omi, èèpo yóò léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ yan ẹ̀pà díẹ̀, kí ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣà á dáadáa, èyí tó bá ti bu tàbí tó korò, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ sẹ́, ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò dí jù sẹ́ ẹ, nítorí bí ẹ bá sẹ́ ẹ kínníkínní bíi ti olówó, inú èérí ni gbogbo sóyà yín yóò lọ, ẹran ọ̀sìn ni yóò sanra. Ẹ pò ó kí ó ki. Bí ó bá ń kúrò lórí iná, ẹ da òróró tàbí epo pupa ṣíbí ìmùkọ kan sí i, kí ẹ sì fi ṣúgà díẹ̀ tàbí ẹ̀rún edé sí i, èyí tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ́.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó sóyà, ẹ̀wà wà. Àkàrà mẹ́rin àti ẹ̀kọ tó ki, ẹni tó jẹ ẹ́ kò ní fọwọ́ nu inú di ọ̀sán. Mọ́ínmọ́ín dára ju àkàrà lọ fún ẹni tí epo ń rìndọ̀, pàápàá bí ẹ bá lè fọ́ ẹyin kan sí i. Ọbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti irú, ẹ má da omi pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó ki kí òkèlè lè rí nǹkan gbé. Àwọn ènìyàn a máa ra ẹran kan ṣoṣo, wọn a wá se omi ọbẹ̀ rẹpẹtẹ yí i ká, wọn a ní àwọn ń tọ́jú aláìsàn.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìyá Ológì, mo ti ra sóyà lónìí. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n sọ fún un pé kó lo oògùn kí ó tó jẹun, ṣùgbọ́n òfìfo inú yẹn gan-an ni ó ń lé e. Ṣé kí ó jẹun kí ó tó lò ó ni?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Inú òfìfo ló dára jù, nítorí oúnjẹ, pàápàá èyí tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ara fa rifampicin àti isoniazid mu tó. Kí ó lò ó ní kùtùkùtù, ní aago mẹ́fà, kí oúnjẹ sì ti ṣe tán ní aago méje. Wákàtí kan péré ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń pa á lára kì í ṣe wákàtí yẹn. Wákàtí mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni. Bí ó bá ń bì í, ẹ lè fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀ pẹ̀lú oògùn, nítorí oògùn tí a jẹ pẹ̀lú oúnjẹ kékeré sàn ju oògùn tí a bì dànù tàbí tí a kò lò lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun méjì tí mo gbàgbé láti kọ lókè. Èkíní, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ka hóró oògùn náà. Ẹni tó wọ̀n kílò 40 sí 54 máa ń lo mẹ́ta lójúmọ́, tí ó bá ti tó 55, ó di mẹ́rin. Nítorí náà, bí ara rẹ̀ bá ń padà, kí ẹ rí i pé wọ́n ń gbé e sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀, kí ẹni tó ti sanra má bàa máa lo oògùn ẹni tó rù. Òṣùwọ̀n kan náà ni kó máa gùn, láìwọ bàtà, kó sì yọ tẹlifóònù kúrò lápò. Èkejì, bí ó bá ní ẹsẹ̀ ń ta òun bí ẹni tẹ ìjàlọ, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti kú tipiri, isoniazid ló ń gba fítámì B6 lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò jẹun kánú ló sì máa ń tètè bá. Wọ́n ní hóró oògùn tó rọrùn fún un, kí ẹ béèrè rẹ̀.

Olùkọ́ Kan, Kétu

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kún ohun tí Màmá sọ nípa oṣù méjì àkọ́kọ́, nítorí mo rí i pé àwọn ènìyàn a máa ka ọ̀rọ̀ oúnjẹ sí àánú ṣíṣe lásán. Ní Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Jharkhand, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní RATIONS, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2023. Aláìsàn 2,800 ni wọ́n tọ́jú, ó sì lé ní mẹ́rin nínú márùn-ún wọn tí ara rẹ̀ ti gbẹ jù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fún ní oúnjẹ kílò 10 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, tí ó ń fún wọn ní kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 1,200 àti pùròtéènì gíráàmù 52 lójúmọ́ lórí ohun tí wọ́n ń jẹ nílé. Àwọn tó fi ìdá 5 nínú 100 kún ìwọ̀n wọn ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ewu ikú tiwọn fi ìdá 61 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò kún tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn ará ilé. Àwọn tí ń bá aláìsàn gbé lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní oúnjẹ pẹ̀lú. Ní ilé àwọn tí wọ́n fún, àrùn náà fi nǹkan bí ìdá 39 sí 48 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Oúnjẹ àti hóró fítámì ni wọ́n fi ṣe é o, ìrẹsì, ẹ̀wà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, nítorí náà, bí ẹ bá ń se ẹ̀wà fún àbúrò yín, ẹ má ṣe é bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Àwọn ọmọ tí ń sun yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nílò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kọ ju láti rà lọ.

Àgbẹ̀, Sábẹ

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, iṣu kò wọ́n lẹ́yìn ìkórè, wọn a gún iyán fún aláìsàn láàárọ̀ lálẹ́, wọn a ní ó ń jẹun. Iyán dára, ó ń fún ni lágbára, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ kò bá ní nǹkan nínú, ikùn ni yóò yọ, apá yóò wà bí igi ìdáná. Ohun tí a ní tí a kì í kà sí ni wàgàsì. Àwọn Fúlàní tó yí wa ká ń fi wàrà màlúù ṣe é. Omi bómúbómú ni wọ́n fi ń mú wàrà náà dì lórí iná, ewé ọkà bàbà ni wọ́n sì fi ń pa á láró pupa. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kí ẹ sè é sínú ọbẹ̀ ẹ̀pà. Tuntun rẹ̀ ni kí ẹ rà, nítorí ohun tí Màmá sọ nípa wàràkàṣì tó ti pẹ́.

Ìkìlọ̀ kan nìyí: wàrà tútù tí kò kan iná, ẹ má fún aláìsàn, ẹ má sì fún ọmọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà tó ń ṣe màlúù, inú wàrà tí a kò sè ló sì ń gbà wọ ara ènìyàn. Kí ó hó dáadáa.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìgbà. Bí ìtọ́jú bá bọ́ sí àkókò tí àgbàdo ọdún tó kọjá ti tán tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, ilé gbogbo ló ń fi ebi sùn, kì í ṣe aláìsàn nìkan. Bí ẹ bá lè ra ẹ̀wà àti sóyà pamọ́ nísinsìnyí tí ó ṣì pọ̀ lọ́jà, kí ẹ fi eérú àti ata gbígbẹ há a mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì kí kòkòrò má jẹ ẹ́, ẹ ó dúpẹ́. Mo ń bọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ìwọ̀nba sóyà wà lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó Ilé, Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọkọ mi béèrè. Ó ti lo oògùn oṣù mẹ́ta, ó ń jẹun dáadáa, kódà ó ń jẹ ju àwa yòókù lọ, síbẹ̀ ó ń fọn sí i ni. Ó ń mu omi lóru, ó sì ń tọ̀ léraléra.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Ìyá, kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà. Òùngbẹ òru, ìtọ̀ lemọ́lemọ́ àti fífọn pẹ̀lú oúnjẹ níwájú, àpèjúwe àtọ̀gbẹ ni ẹ ṣe yẹn, ó sì máa ń bá ikọ́ ẹ̀gbẹ rìn. Títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dá ṣúgà àti mínírà dúró, ṣùgbọ́n ẹ má dín ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ kù.

Ẹnikẹ́ni tó ń jẹun tí kò ṣe é lára, ìdí wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ wá. Ó lè jẹ́ sídà (HIV) tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, ó lè jẹ́ pé oògùn náà kò ran irú kòkòrò tó wà lára rẹ̀, ó lè jẹ́ aràn inú, ó sì lè jẹ́ nǹkan funfun tó bo ahọ́n àti ọ̀fun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn ún gbé mì. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ìka sì ń rì sí i tí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí kò lè dìde jókòó mọ́, ilé ìwòsàn ni, ẹ má sì fi tipátipá rọ oúnjẹ rẹpẹtẹ sí i lẹ́nu nílé lójijì. Ara tó ti gbẹ pátápátá kì í gba ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, Kétu

Ẹ kú àdúrótì o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti kọ ìkọ̀wé mi àkọ́kọ́, mo sì jẹ yín ní èsì. Bàbá ń yà sílé láràárọ̀ lóòótọ́, wọn a dúró títí ọmọkùnrin náà yóò fi la ẹnu fún wọn wò. Aago mẹ́fà ni oògùn, aago méje ni ẹ̀kọ sóyà, èmi gan-an ni mo ń pò ó kí n tó lọ sọ́jà. Nígbà tó kọ́kọ́ mu ún, ó ní òórùn sóyà kò bá òun lára mu; mo yan sóyà náà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bó o, mo sì da ẹ̀pà kún un, ó mu ún tán. Ní ọ̀sán, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹyin, ó ń jẹ mẹ́rin lọ́sẹ̀, bí ọjà bá dára ó di márùn-ún. Ìyá wa ni ó ṣòro jù láti yí lérò padà nípa abọ́, ṣùgbọ́n mo ka ìtàn arákùnrin wa ti Sábẹ fún wọn, títí kan ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣa oògùn nílẹ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àpótí wọn jáde sí àgbàlá, wọ́n jókòó tì í.

Lánàá ni a lọ fún ti oṣù kejì. Mo ní kí ó bọ́ bàtà, mo gba tẹlifóònù rẹ̀ mọ́wọ́. Kílò 50. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí kòkòrò nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn oríṣi méjì ti oṣù mẹ́rin tó kù. Ó ṣì ń mí hẹlẹ bí ó bá pọn omi láti kànga délé, kò sì lè gbé garawa tó kún. Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé ó yẹ kí agbára ti máa padà pẹ̀lú kílò mẹ́ta? Àti pé wọ́n béèrè àwọn ọmọ ilé, mo ní méjì tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí n kó wọn wá.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, inú mi dùn. Ọ̀rá ló máa ń kọ́kọ́ padà sára, ẹran ara ní ń kẹ́yìn, nítorí náà agbára a máa pẹ́ ju kílò lọ, nígbà mìíràn ó máa ń kọjá oṣù mẹ́fà. Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, kí ó máa gbé ààbọ̀ garawa, ẹ má sì dá ẹ̀wà àti ẹyin dúró lọ́jọ́ tí oògùn bá tán. Ní ti àwọn ọmọ, kó wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò tí àrùn kò sí lára wọn, wọ́n yóò fún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mú wọn. Kó ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn dání, kí o sì ní kí wọ́n gbé àwọn náà sórí òṣùwọ̀n.